Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ́ Faransé láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Àdùkẹ́_Tákíé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Aṣọ ni mo ń tà, mo sì fẹ́ máa ra ọjà ní Kútọnu àti Lómé láìsí ògbufọ̀. Wákàtí kan ni mo lè yà sọ́tọ̀ lójúmọ́. Ṣé kí n sanwó kíláàsì ni, àbí áàpù orí fóònù ti tó? Yóò ti pẹ́ tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ibi tó le níbẹ̀ pamọ́ fún mi.

Olùkọ́_Faransé_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìgbìyànjú, Àdùkẹ́. Ìṣirò tí àwa olùkọ́ ń lò ni pé ipele A1, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ń gba wákàtí 60 sí 100. Kí ẹ tó parí A2, ipele tó tẹ̀ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 200. A2 tó fún ọjà: ẹ ó lè béèrè iye, ẹ ó dúnàá dúrà, ẹ ó ka rìsíìtì. Wákàtí kan lójúmọ́ á gbà yín tó oṣù méje, bí ẹ kò bá dá a dúró láàárín.

Etí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé kì í dún. "Parle", "parles", "parlent": ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fi ojú nìkan kọ́ ọ yóò máa pe ohun tí kò sí níbẹ̀, bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ sí i, kò ní gbọ́.

Ibi tí ẹnu Yorùbá ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyí. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, "an" àti "ọn" ti di ọ̀kan, ṣùgbọ́n Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀. "Banc" ni àga gbọọrọ, "bon" ni ohun tó dára. Ẹ la ẹnu fún àkọ́kọ́, kí ẹ ká ètè jọ fún èkejì. Kò sí v àti z nínú èdè wa, nítorí náà f àti s ló máa ń jáde dípò wọn. Tí ẹ bá fẹ́ pe "vous" (ẹ̀yin), tó wá di "fou", ẹ ti pe òǹtajà ní wèrè nìyẹn. "Poisson" ni ẹja, "poison" ni májèlé. Ẹ fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun yín bí ẹ ti ń pè é. Bí v tàbí z bá jáde dáadáa, ọ̀fun yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ìka. Bí kò bá gbọ̀n, f tàbí s lẹ pè. Ní ti u inú "tu", ẹ pe "i", ẹ má gbé ahọ́n kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá sú ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé.

Ohun kan wà tó rọ̀ wá lọ́rùn: "vous" àti "tu" ń ṣiṣẹ́ bí "ẹ" àti "o". Ọmọ Yorùbá kì í ṣi ìyẹn lò.

Ọmọ_Ajílété
Olùkọ́ ti sọ ọ́ tán lórí ohùn. Fún oníṣòwò, nọ́ńbà ló kàn. 80 rọrùn, "quatre-vingts", ogún mẹ́rin, bí ọgọ́rin tiwa. Àwa a máa yọ mẹ́wàá kúrò láti dé 70 àti 90, àwọn a máa fi kún un ni: 70 jẹ́ 60 àti 10, 90 jẹ́ 80 àti 10. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "soixante", ẹ má tíì kọ 6 sílẹ̀, ẹ dúró gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. "Soixante-cinq mille" ni 65,000, "soixante-quinze mille" ni 75,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà ló wà láàárín wọn.

Ẹ kọ ogún iye owó sínú ìwé, kí Google Translate kà á síta ní Faransé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ gbọ́ láìwo ìwé. Ẹ tún un ṣe títí ogún yóò fi pé láìṣi ọ̀kan.

Ẹ má sì béèrè "C'est combien?" (èló ni?) kí ẹ tó kí wọn ní "Bonjour". Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wọn, bí ó ti rí lójú tiwa.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ rántí pé wọ́n ń sọ Yorùbá ní Kétu, Sábẹ̀, Pọ́bẹ̀ àti Sàkétẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àwọn tó gbọ́ ọ sì pọ̀ lọ́jà Kútọnu. Ọjà á yá, Faransé yín kò ní yá. Bí wọ́n bá fi Yorùbá dá yín lóhùn, ẹ rọra máa fi Faransé bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àdùkẹ́_Tákíé
Ẹ ṣeun, mo gbádùn èyí gan-an. Áàpù àti kíláàsì ńkọ́? Àbúrò mi náà fẹ́ kọ́ ọ nítorí Kánádà. Ṣé ìdánwò kan náà ni èmi àti òun yóò ṣe?

Bọ̀dé_Oníkọ̀ǹpútà
Duolingo dára fún ọ̀rọ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn ronú gbólóhùn jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fi Anki kún un, áàpù káàdì tí ẹ ó fi máa tún ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android, wọ́n ń tà á lórí iPhone. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ lásán sórí káàdì: "le pagne" fún àǹkárá, "la dentelle" fún léèsì. Ní Faransé, "le" ni ti ọ̀rọ̀ akọ, "la" ni ti abo. "Ó" tiwa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, nítorí náà ẹni tó bá fi "le" àti "la" sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ yóò tún gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ lẹ́yìn. Káàdì tuntun mẹ́wàá tó lójúmọ́. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ̀n kún un, àtúnyẹ̀wò yóò wọ́ jọ lé e lórí, yóò sì pa á tì.

RFI, ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, ní ìròyìn oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi Faransé tó rọrùn kà, "Le Journal en français facile". Ẹ gbà á sórí fóònù nígbà tí dátà bá wà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìka nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá máa sọ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kà á.

Olùkọ́_Faransé_Ọ̀yọ́
Ní ti kíláàsì, ẹ bi wọ́n léèrè iye akẹ́kọ̀ọ́. Bí èèyàn bá jẹ́ ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú méjì péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ ní wákàtí kan, àní bí olùkọ́ kò bá tiẹ̀ lanu. Ẹ wá èyí tí kò ju mẹ́fà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Alliance Française wà ní Ìbàdàn, ẹ lè béèrè níbẹ̀.

Fún àbúrò yín: ìdánwò TEF Canada tàbí TCF Canada ni ìjọba àpapọ̀ Kánádà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ máa gbé níbẹ̀. Wọn kì í gba DELF, ìwé ẹ̀rí Faransé tí ìjọba ilẹ̀ Faransé ń fúnni, fún ìyẹn. Èsì méjèèjì kì í ju ọdún méjì lọ kó tó kú. DELF tiẹ̀ kì í kú, òun ló sì dára fún ẹ̀yin, bí ẹ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Apá mẹ́rin ló ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 50 nínú 100 ni àṣeyege, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba 5 nínú apá kan ti fìdí rẹmi, ìbáà gba 24 nínú àwọn yòókù. Apá sísọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó dá kọ́ ọ lórí fóònù, nítorí náà ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa bá sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.