Kí ló dé tí ètò getchar yìí kì í dúró lórí Raspberry Pi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìdánrawò tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé èdè kọ̀ǹpútà C ni, èyí tó ń fi getchar ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó sì ń fi putchar tẹ̀ ẹ́ jáde padà:

char c;
while ((c = getchar()) != EOF)
    putchar(c);

Lórí láptọ́ọ̀pù Intel tó ń lo Linux, Ctrl-D (tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ ti tán) ń parí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ẹ̀rọ ARM, àmì játijàti ló ń tú jáde títí èèyàn á fi tẹ Ctrl-C. gcc, ètò tó ń sọ kóòdù C di ètò tó lè ṣiṣẹ́, ni mo lò lórí méjèèjì; -Wall, àṣẹ tó ń ní kó kìlọ̀ nípa àṣìṣe, ò sọ nǹkan kan.

Ibi tí mo bá a dé: EOF, àmì pé ohun tí à ń kà ti tán, jẹ́ -1, char (irú àyè tó ń gba báìtì kan) lórí ARM Linux kì í sì í gba nọ́ńbà tó kéré sí òdo, ìyẹn ni -1 ṣe ń di 255. Tí mo bá fi int c (àyè tó tóbi jù, tó ń gba -1) rọ́pò char c, ó ń dúró. -Wextra, tó ń fi ìkìlọ̀ míì kún ti -Wall, ń kìlọ̀ lórí Pi, àmọ́ kò fọhùn lórí Intel, bẹ́ẹ̀ lórí Intel, tí fáìlì bá ní báìtì 255 nínú, ètò náà á kà á sí EOF, á sì dúró níbẹ̀ láìsí ariwo. Èyí gan-an ló burú jù lójú tèmi.

Yàtọ̀ sí -funsigned-char (tó ń mú kí char má gba nọ́ńbà tó kéré sí òdo) pẹ̀lú -Wextra, ṣé ọ̀nà míì wà tí gcc fi lè mú àṣìṣe yìí lórí Intel? Ṣé isalpha, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan jẹ́ lẹ́tà, náà ní irú ewu yìí téèyàn bá fi char lásán ránṣẹ́ sí i?