Margit kò jẹ́ kí n wọ Stormveil: ṣé òjóró ni kí n pe ìkookò mẹ́ta síjà?

Arìnkiri-Òru béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń gbá géèmù Elden Ring, mo sì ti bá Margit, ọ̀gá tó dènà, jà ju ogójì ìgbà lọ lórí afárá tó já sí ilé olódi Stormveil láì borí rẹ̀ rí. Vagabond, irú jagunjagun kan, ni mo yàn, nítorí pé idà àti asà wù mí. Vigor mi (ìwọ̀n ẹ̀mí tí mo ní) ṣì wà ní 15 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé Strength (agbára apá) ni mo ń kó gbogbo Rune, owó inú géèmù, tí mo bá rí lé lórí. Ohun tó ń pa mí kò fara sin rárá: ọkùnrin yìí á gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, á dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, èmi á ti yí gbirigbiri lọ, ìgbà tí mo bá sì ń dìde ni ọ̀pá náà á wá balẹ̀ lé mi lórí. Bí mo bá tiẹ̀ rọ́nà dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù títí tó fi ń sún mọ́ ìdajì, á fa òòlù wúrà yọ, ìjà á sì di ọ̀tun.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n pe àwọn ẹ̀mí ìkookò mẹ́ta tí àjẹ́ kan, Renna, fún mi ní Church of Elleh, kí wọ́n máa bù ú jẹ níwájú, kí èmi máa ṣá a láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo ti kà á láìmọye ìgbà pé ẹni tó bá pe ẹ̀mí síjà kò tíì borí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjóró ni lóòótọ́? Kí ló sì dé tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún wa láti yan ìjà tó rọrùn, bí ọ̀pọ̀ géèmù mìíràn ti ń ṣe?

Alásà-Ńlá dáhùn pé:

Àbúrò, kì í ṣe òjóró, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ kọjá ti ìkookò. Vigor 15 yẹn ni wàhálà. Ẹni tí ìlù mẹ́ta lè pa kò lè kọ́ ìjà, nítorí pé kò ní pẹ́ láyé débi tí yóò fi mọ ohun tó pa á. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ Grace ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà Margit, ṣùgbọ́n ìtọ́ka ni, kì í ṣe àṣẹ. Kẹ̀yìn sí ilé olódi yẹn, gun ẹṣin rẹ Torrent, kí o sì kọjá afárá tó wà ní gúúsù lọ sí Weeping Peninsula. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà níbẹ̀ tí o ti lè rí Sacred Tear, èyí tí yóò jẹ́ kí ìgò oògùn rẹ túbọ̀ máa dá ẹ̀mí padà fún ọ. Wọ ihò àwọn awakùsà ní Limgrave, ṣa Smithing Stone, kí o sì fi tún idà rẹ rọ dé +3 lórí tábìlì alágbẹ̀dẹ tó wà ní Church of Elleh. Má ṣe fi Rune kankan sórí Strength mọ́ títí Vigor yóò fi kọjá 20.

Ní ti ọ̀pá tó ń dúró sókè, má ṣe wo ìgbà tó gbé e sókè. Ìgbà tí apá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kí o yí. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yá láti yí ni wọ́n dẹ páńpẹ́ yẹn fún. Tún wo ẹrù tí o gbé sára: bí ó bá ti ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí o lè gbé lọ, wàá máa yí bí àgbá tí omi kún inú rẹ̀.

Ọ̀kan-Ṣoṣo dáhùn pé:

Mo fara mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Alásà lórí Vigor. N kò ní pe ìkookò ní òjóró, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni pọ̀. Bí Margit bá kọjú sí wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wàá máa rí, o kò sì ní mọ bí ọ̀pá yẹn ṣe ń bọ̀. Gbé asà sókè, jẹ́ kí ó lù ú, kí o sì tẹ ìlù líle lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Asà tí wọ́n fún Vagabond láti ìbẹ̀rẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Malenia, ọ̀gá mìíràn tí a máa ń bá jà, ọ̀rọ̀ mi á yé ọ. Ìlù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ba nǹkan ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára, yálà ìwọ ni ó bà tàbí ẹ̀mí tí o pè. Ìkookò mẹ́ta níwájú rẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ni. (Kí n má parọ́, ó ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà lára asà náà, nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi kò wúlò níbẹ̀.)

Ìyá-Olóògùn dáhùn pé:

Ẹ kò tíì dá ọmọ yìí lóhùn lórí ìbéèrè rẹ̀ kejì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, làkúrègbé sì wà ní àtàǹpàkò mi méjèèjì. Ohun tí ẹ ń pè ní kíkọ́ bí ọ̀pá ṣe ń bọ̀, mo ti kọ́ ọ. Ojú mi rí i, ìka mi ni kò tètè gbọ́. Ọfọ̀ ni mo máa ń fi jà láti òkèèrè, mo sì máa ń pe ẹ̀mí nígbàkigbà tí wọ́n bá gbà mí láàyè. Margit tí ẹ ń wí yìí, mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà etí òkè kọjá lára ilé olódi náà lọ sí ilẹ̀ Liurnia, ìgbà tí mo ti lágbára tán ni mo tó padà wá bá a. Ní ojú tèmi, ibi tí a ti ń yan ìrọ̀rùn wà nínú géèmù yìí. Wọ́n kàn fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀ ni, kí olúkúlùkù máa wá tirẹ̀.

Síbẹ̀ inú mi kò dùn sí ohun gbogbo. Bí mo bá ṣí àpò láti wá oògùn, ìjà kì í dúró dè mí, kò sì sí ìdí kan pàtó tí ó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Shadow of the Erdtree, àfikún géèmù yìí, jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2024, ìpele tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé ga kò fi bẹ́ẹ̀ gbà mí. Scadutree Fragment ni a gbọ́dọ̀ máa ṣà kiri kí agbára wa tó lè pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn pariwo, àwọn kan sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ ìjà. Kí oṣù náà tó parí, FromSoftware tó ṣe géèmù náà fúnra wọn ti fi kún agbára tí àwọn Fragment àkọ́kọ́ ń fúnni, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án, wọ́n tún dẹ ìjà ọ̀gá ìkẹyìn. Bí alásè bá ti bomi sí ọbẹ̀ tirẹ̀, kí ni ti ẹni tó ń bú wa pé a ní ata ta wá lẹ́nu?

Ọ̀kan-Ṣoṣo dáhùn pé:

Ẹ má bínú, mà. N kò ro ti ọwọ́ tó ń dunni. Mo ṣì gbà pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá gbìyànjú láì pe ẹnikẹ́ni, ó kéré tán lọ́dọ̀ Margit.

Arìnkiri-Òru dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ti Weeping Peninsula dé, Vigor mi ti di 22, idà mi sì ti dé +3. N kò tíì borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn bà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ àná, mo sì ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo pe ìkookò lẹ́ẹ̀kan, ó pa méjì nínú wọn kó tó yọ òòlù, mo sì rí i kedere láti ẹ̀gbẹ́ bí ó ṣe ń sọ apá kalẹ̀, èyí tí n kò rí rí nígbà tí èmi nìkan ń sá fún un. Màá tún lọ lálẹ́ òní, bí iná bá wà.