Inkjet àbí laser: èwo ló ń jẹ owó jù nínú ilé?

Olùkọ́ Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ni mo ti ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń tẹ ìbéèrè fún wọn. Inkjet, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo íǹkì olómi, ni mo fi bẹ̀rẹ̀; laser, èyí tó ń lo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tónà, ni mò ń lò báyìí. Owó ẹ̀rọ nìkan ni ọlọ́jà máa ń pè. Bí ẹ ó ṣe máa bọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ẹ wádìí iye ojú ìwé tí íǹkì tàbí tónà lè tẹ̀ kí ẹ tó rà á. Kátíríìjì dúdú HP 652, ike íǹkì inkjet, ń tẹ nǹkan bí 360. Tónà HP 85A, ti laser, ń tẹ 1,600. Ká ní wọ́n ta kátíríìjì yẹn ní 18,000 náírà, 50 náírà ni ojú ìwé kan. Ká ní tónà jẹ́ 32,000, 20 náírà ni. Ọjà ò dúró sójú kan, iye tí wọ́n bá pè fún yín ni kí ẹ fi pín in. Ojú ìwé tí wọ́n sì ń kà yẹn, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lórí rẹ̀, bí ìdá 5 nínú 100 ni íǹkì bò. Ẹ tẹ àwòrán ńlá, ẹ ó rí i pé kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìsinmi ilé ìwé gan-an ló lé mi kúrò nídìí inkjet. Àwọn ọmọ á lọ, ẹ̀rọ á jókòó, ọyẹ́ á dé, íǹkì á gbẹ mọ́ ẹnu ihò tó ń gbà jáde. Tí mo bá tàn án, yóò ní òun fẹ́ fọ ẹnu, íǹkì tí mo fowó rà náà ló sì fi ń fọ̀ ọ́! Inú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ló ń dà á sí. Ẹni tó bá ń sọ pé íǹkì òun tán láìtẹ nǹkan kan, kò purọ́. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni tónà ní tiẹ̀. Mo lè pa á tì títí wọn á fi wọlé, kí n tàn án, kó máa tẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì, Alékúwódò

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò mà dárúkọ iná rárá. Ìyẹ̀fun yẹn ò dédé lẹ̀ mọ́ bébà, ooru ló ń yọ́ ọ mọ́ ọn, ooru ọ̀hún sì ń fa iná bíi ti áyọ́ọ̀nù ni. Tí iná ọba bá wà, kò sí wàhálà. Ẹ wá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I better pass my neighbour": bí laser ọkọ mi bá ti fẹ́ gbóná báyìí, gílóòbù á rẹ̀wẹ̀sì, jẹnẹrétọ̀ á máa kérora. Ìnfátà àbúrò mi tiẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ẹ fi owó epo yẹn kún 20 náírà yín.

Oní-táǹkì ni tèmi, Epson L3250. Inkjet náà ni, ṣùgbọ́n ìgò la fi ń da íǹkì sí i. Ìgò dúdú 003 kan ń tẹ tó 4,500 ojú ìwé, iná tó ń lò nígbà tó bá ń tẹ̀ ò ju nǹkan bí 12 wáàtì. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n lọ́jà lóòótọ́. Àwọn oníkátíríìjì pọ́ọ́kú ni, orí íǹkì ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà. Èmi ń tẹ ìwé ètò ìkómọ àti ìsìnkú aláwọ̀, ojoojúmọ́ ni, kò ráyè gbẹ.

Ọmọ Ayétòrò

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ra fún òjò o. A tẹ ìwé aláwọ̀ fún àwọn àlejò tó wá bá wa ṣọdún Ọ̀ṣun, inú oṣù kẹjọ, ẹ mọ bí òjò ṣe máa ń rí. Omi kàn án, ó ṣí bí aró tí kò mú aṣọ. Gbogbo rẹ̀ la tún tẹ̀ ní laser. Àtẹ̀túntẹ̀ náà, owó ni.

Ará Ògo-Olúwa

Èmi ò ní kankan. Lẹ́tà kan, fọ́ọ̀mù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo gba Oríta Ọláìyá lọ, mo sanwó, mo padà sílé.

Olùkọ́ Òkè-Fìà

Ará Ògo-Olúwa, ẹ gbádùn.

Ìyá Ìbejì, ẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ iná. Mo máa ń dúró de iná ọba ni, ìdí rèé tí ìbéèrè ọjọ́ Àbámẹ́ta fi máa ń jáde láti ọjọ́ Ọjọ́rú. Tónà náà, mo ń rọ ìyẹ̀fun míì sí i ni, kò wọ́n tó tuntun. Àmọ́ tí wọ́n bá rọ ọ́ rọ ọ́, dúróòmù inú rẹ̀, rólà tó ń gbé ìyẹ̀fun sórí bébà, á ha, ìlà dúdú á máa gba àárín ìwé kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra òmíràn.

Mo ní àwòrán ọkàn èèyàn tí mo fẹ́ tẹ̀ ní aláwọ̀ fún àwọn oníbáyọ́lọ́jì. Èló lẹ̀ ń gbà lójú ìwé?

Ìyá Ìbejì, Alékúwódò

Ẹ kọ́kọ́ gbé bébà yín wá ná.