Mo kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́ nínú ìsìn

Olóhùn-Tẹ́nọ̀:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọdún 21 ni mo fi kọ tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa kí ọ̀nà ọ̀fun mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí dókítà sì sọ pé n kò gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè mọ́. Àga tó kẹ́yìn ni mo ń jókòó sí báyìí. Ohun tó ń tì mí lójú ni pé bí wọ́n bá ti dá orin, àṣìṣe àwọn tẹ́nọ̀ ni mo ń kà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣi ohùn mú nínú orin kan ṣoṣo, mo sì padà sílé bí ẹni tí kò dé ilé Ọlọ́run rárá. Ṣé ènìyàn lè sún mọ́ Ọlọ́run nínú ìsìn láìní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, kí ìyẹn nìkan sì tó o?

Ọmọ Léfì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wo ìtàn Kórà, ọmọ Léfì tó ṣọ̀tẹ̀ sí Mósè, ní orí 16 ìwé Númérì. Iṣẹ́ àgọ́ àjọ, ibi ìjọsìn Ísírẹ́lì nínú aginjù, ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ oyè àlùfáà kún un, Mósè sì bi òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ṣé ohun kékeré ni lójú wọn pé Ọlọ́run mú wọn sún mọ́ ara rẹ̀ ni. Ilẹ̀ gbé Kórà mì, ṣùgbọ́n orí 26 fi yé wa pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò kú. Nígbà tó di ayé Dáfídì, ìran rẹ̀ wà lára àwọn adènà, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, tí wọ́n ṣẹ́ kèké fún, àti kékeré àti ńlá. Àwọn ọmọ Kórà yìí ni àkọlé Sáàmù 84 dárúkọ, níbi tí akọrin ti ní ó tẹ́ òun lọ́rùn láti máa ṣe adènà ilé Ọlọ́run. Ohun tí baba ńlá wọn fojú kéré ni wọ́n ń fi kọrin.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́:
Ọmọ mi, adènà ni èmi gan-an. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn ìjọ wa, igbẹ́ àdán orí àga iwájú ni mo sì ń kọ́kọ́ gbá. Iṣẹ́ nìkan kì í fúnni ní ìtẹ́lọ́rùn o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbálẹ̀, tí mo sì ń ka àwọn tí kò wá ràn mí lọ́wọ́, bí ẹ ti ń ka àṣìṣe yẹn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó mú ìgbálẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lórí itan mi, láìtọrọ ohunkóhun. Nínú Sáàmù yẹn kan náà, ológoṣẹ́ àti alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sẹ́bàá pẹpẹ, kò sì sí ẹni tó yan iṣẹ́ fún wọn. (Kò mẹ́nu ba àdán, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì wọ́n.)

Nọ́ọ̀sì Manchester:
Iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ kí n dé ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ìpòùngbẹ ni Sáàmù náà fi bẹ̀rẹ̀: ọkàn akọrin ń fà sí àgbàlá Olúwa títí ó fi ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ó ń dùn yín, ẹ ti jìnnà.

Olóhùn-Tẹ́nọ̀:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màá máa tètè dé, kí n jókòó kí agogo tó lù. Àṣìṣe yóò ṣì máa ta sí etí mi, ó dá mi lójú. Ìyá, bí n kò bá lè jí dé aago márùn-ún ààbọ̀, ṣé mẹ́fà yóò ṣe?