Ìkànnì tuntun ń pẹ́ kó tó ṣí lẹ́yìn tí a fi òdiwọ̀n sí multicast

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lìǹkì 20 Mbps ló so ráútà Cisco ti Marina mọ́ ti Yaba, PIM sparse-mode (ìlànà tí ráútà fi ń béèrè kìkì ìkànnì tí ẹnìkan fẹ́ wò) ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ń jẹ 4 Mbps. A fẹ́ kí multicast (ìfiránṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ẹni jọ ń gbà, bí àwọn ìkànnì wọ̀nyí) má kọjá 16 Mbps, kí ìpè fóònù náà lè ráyè mí.

A ti yọ police, òfin ráútà tó ń ju páákẹ́ẹ̀tì tó bá kọjá òdiwọ̀n nù, kúrò. Torí bí ìkànnì karùn-ún bá wọlé, ara gbogbo wọn ló ti ń gé, UDP kì í sì í tún páákẹ́ẹ̀tì rán, ni àwòrán márààrún bá ń já. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ 224.0.0.0/24 sílẹ̀: ibẹ̀ ni OSPF (ìlànà tí ráútà fi ń mọ ọ̀nà) àti PIM ń gbà kíra wọn.

Ohun tó wà ní Marina báyìí, àkọ́kọ́ fún gbogbo ráútà, èkejì lójú lìǹkì (10 ni nọ́ńbà access-list, àkójọ àwọn ìkànnì; kbps ni 4000 àti 16000):

ip multicast limit cost 10 4000
ip multicast limit out 10 16000

Ìkànnì karùn-ún ò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rin bá ti kún, tí ẹnìkan ní Yaba yí ìkànnì, IGMPv2 (ìlànà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń sọ ìkànnì tó fẹ́ fún ráútà) á fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 béèrè bóyá ẹlòmíràn ṣì ń wo ti àtijọ́. Join tuntun (ìbéèrè PIM láti Yaba fún ìkànnì tuntun) ti dé Marina kí àyè tó ṣí, wọ́n á kọ̀ ọ́, òmíràn ò sì ní wá títí di ìṣẹ́jú-àáyá 60.

Ṣé ká dín àkókò Join PIM kù sí 10 ni, àbí ká gbé òdiwọ̀n dé 20000? Immediate-leave (kí ráútà gé ìkànnì lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè bóyá ẹlòmíràn ń wò ó) ń bà wá lẹ́rù, torí tẹlifíṣọ̀n méjì lè wà lẹ́yìn ojú ráútà kan náà, tí ọ̀kan bá kúrò, ti èkejì á kú.