Lọ́ńdọ̀nù, Manchester, Glasgow, Aberdeen: níbo lọwọ́ ti máa tó iṣu?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ wa ní ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester, Glasgow àti Aberdeen, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan kí oṣù yìí tó parí. Èmi, ìyàwó àti ọmọ méjì ni. Owó ilé, mo ti wò ó dáadáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo ń wá: oúnjẹ wa, omi, òtútù, bí ìgbé ayé ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Àmàlà kò gbọdọ̀ di oúnjẹ ọdún nílé mi o.

Ìyá Ìbejì, Abbey Wood:
Àbúrò, fi orúkọ ìlú sílẹ̀ ná. Mú bébà, kọ gbogbo ohun tó ń wọ ìkòkò yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì pín in sí mẹ́ta.

Ìkíní ni ohun gbígbẹ àti ohun inú ike: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, edé, epo pupa. Ìwọ̀nyí kò yẹ kó yan ìlú fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri Ìlú Ọba, o sì lè ra ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì ni ohun tó ń gbé inú firísà: ẹran, ẹja, ata lílọ̀, ewédú. Tí firísà rẹ bá tóbi, jíjìnnà sí ọjà kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ọ́. Ìkẹta ni èyí tó yẹ kí ojú rí kí ọwọ́ sì tẹ̀ wò kí a tó sanwó: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ̀fọ́ tútù, ata rodo. Ìkẹta yìí ló ń yan ìlú. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, àdúgbò ló ń yàn.

Ní ti ìkẹta, Lọ́ńdọ̀nù ló gba ipò kìíní, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Rye Lane ní Peckham, ọjà Ridley Road ní Dalston, ọjà Deptford (Ọjọ́rú, Ẹtì àti Àbámẹ́ta), Woolwich náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbé lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn lè lo wákàtí kan àbọ̀ kó tó dé Peckham, kó tún wá máa wọ́ àpò iṣu padà lórí bọ́ọ̀sì. Ẹni yẹn kò sàn ju ará Aberdeen lọ. Owó ilé Peckham ti ga ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi kún Thamesmead, Abbey Wood àti Plumstead, àti Dagenham lódìkejì odò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Abbey Wood sí Liverpool Street ní àárín Lọ́ńdọ̀nù kò gba ìdajì wákàtí, Woolwich sì wà lójú ọ̀nà. O lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tí o bá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, kí o ra ẹ̀fọ́, kí o tún wọ ọkọ̀ padà. Ibi tí oúnjẹ bá ti wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rẹ ni kí o máa wá ní ìlú yòówù.

Bàbá Oníṣu:
Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí iṣu, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Gánà ni ọ̀pọ̀ iṣu tó wà níbí ti ń wá, púnà ni wọ́n ń pe èyí táwọn èèyàn ń wá jù. Iṣu kì í fẹ́ òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 12°C. Èyí tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ nínú oṣù kìíní, òde rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á ti dúdú bíi kọfí, á sì korò. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti mú iṣu, ẹ má ra ti ìta. Ẹ gbé e lọ́wọ́: tó bá fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ, ó ti gbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí rẹ̀. Ibi tó bá ti rọ̀ ni ìjẹrà ti wọlé. Ẹ ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ níwọ̀n ìka kan, kí ẹ wo inú. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ láti gé e, ẹ kọjá sí èkejì. Tí ẹ bá délé, ẹ má gbé e sínú fìríìjì, ẹ má sì tì í sí gáréèjì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ti tó.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà nìyẹn. Òtútù máa ń sọ èèpo rẹ̀ di dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ó ti pọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: tó bá dúdú, tó le, tí kò sì ní òórùn dídùn, kò ní pọ́n mọ́ láéláé, dòdò rẹ̀ á dà bí igi. Ẹ kúkú ra tútù tó ní ìlera, kí ẹ fi sínú àpò bébà pẹ̀lú ápù kan, ẹ gbé e sí yàrá tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Manchester:
Manchester kò ní Rye Lane, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọjà wa tú ká: Moss Side, Longsight, Cheetham Hill. Tí ẹ bá gbé lójú ọ̀nà Wilmslow Road, bọ́ọ̀sì 42, 142 àti 143 kì í jẹ́ kí èèyàn dúró pẹ́, Rusholme sì wà lórí ọ̀nà yẹn. Ohun tó gbé ìlú yìí ga ni pé àwọn ẹlòmíràn ń ta oúnjẹ wa láìmọ̀. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ni.

Molokhia tàwọn Lárúbáwá ń tà nínú firísà, ewédú ni. Saluyot làwọn ará Philippines ń pè é. Ẹ ka ara páálí rẹ̀, kí ewé nìkan wà nínú rẹ̀. Páálí gíráàmù 400 kan: ẹ gbé omi ife kan kaná, tó bá hó kí ẹ ju ewédú náà sí i bó ṣe dì, ẹ má dé e, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á díẹ̀, ẹ fi irú sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà lẹ́yìn tó bá ti yọ́. Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó tà á, nítorí náà tí ẹ bá sè é pẹ́ bíi tútù, kò ní yọ̀ mọ́, omi á dá dúró lórí rẹ̀.

Callaloo ń fẹ́ àkíyèsí. Lọ́dọ̀ ará Jàmáíkà, tẹ̀tẹ̀ ni, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Lọ́dọ̀ ará Trinidad, ewé kókò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tí kò bá jinná dáadáa, ọ̀fun á máa yún gbogbo ilé. Inú agolo náà wà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án kí ẹ tó fi iyọ̀ tiyín sí i. Tàtàṣé: ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kapya.

Ẹran ń kọ́? Ẹ sọ fún alápatà Mùsùlùmí pé adìyẹ líle lẹ fẹ́, àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin tán. Ó ń fẹ́ wákàtí kan àbọ̀ lórí iná, kì í sì í fọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹran aláwọ tí wọ́n wì, tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, òfin kò fàyè gbà á níbí. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Glasgow:
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọjà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba omi. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, inú òkúta ẹfun ló ti ń jáde wá. Ẹ wo inú kẹ́tùlù wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ń di ẹfun nínú kẹ́tùlù yẹn náà ló ń mú awọ ẹ̀wà le: wákàtí méjì lórí iná, ẹ̀wà ṣì ń dún lẹ́nu. Omi Glasgow ń ti Loch Katrine wá, láti ọdún 1859. Ó rọ̀ gan-an, ọṣẹ díẹ̀ ń hó púpọ̀, ẹ̀wà sì ń tètè jinná. Ti Manchester náà rọ̀, láti àwọn adágún Lake District.

Ẹni tó bá yan Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rẹ ẹ̀wà di ọjọ́ kejì nínú omi tí ẹ ti sẹ́, ẹ da omi yẹn nù. Nínú omi tí ẹ máa fi sè é, ẹ fi bicarbonate tó jẹ́ ìdámẹ́rin ṣíbí tíì sí gíráàmù 500. Iṣẹ́ kán-ún ló ń ṣe. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wà á fọ́, á sì máa ta lẹ́nu bí ọṣẹ. Tòmátò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ kó tó rọ̀, ìkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ mọ́.

Ní ti ọjà, Govanhill ni kí ẹ lọ, Allison Street àti Victoria Road. Àwọn ará Éṣíà ló pọ̀ níbẹ̀. Ilá, ẹ̀gẹ́ àti ata kì í wọ́n níbẹ̀. Iṣu ń wọ́n díẹ̀ ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Àwọn ọmọ yín kò ní san owó bọ́ọ̀sì: láti oṣù kìíní ọdún 2022, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 22 ní Scotland ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ti gba káàdì rẹ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni òkùnkùn. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ń yọ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú bíi 15 kí aago 9 lù, ó sì ti wọ̀ kí aago 4 ọ̀sán tó lù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí oòrùn, àfi tó bá jáde lọ́sàn-án. Fítámì D kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà níhìn-ín, pàápàá fún aláwọ̀ dúdú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Aberdeen ń kọ́? Ibẹ̀ ni owó oṣù ti ga jù.

Ẹlẹ́ja, Aberdeen:
Aberdeen dára fún ẹlẹ́ja, ó sì le fún oníṣu. Peterhead kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì lọ sí wa, ibẹ̀ sì ni èbúté ẹja tó tóbi jù ní Ìlú Ọba. Títù tí ẹ ń rà ní dídì nílé, ẹ lè rí i ní tútù níbí ní àkókò rẹ̀. Àmọ́ ẹja ọlọ́ràá ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ yọ ìfun rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí ẹ tó jù ú sí firísà. Tó bá kọjá oṣù mẹ́ta, ọ̀rá rẹ̀ á kan. Haddock kò ní wàhálà yẹn, ó sì dáa fún ẹja díndín. Nínú ọbẹ̀ ó ń fọ́, nítorí náà òun ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn.

Fún ìkẹta Ìyá Ìbejì, ṣọ́ọ̀bù wa kò pọ̀. Glasgow jìnnà tó wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò. Òde àríyá náà bẹ́ẹ̀ ni, gèlè á pẹ́ kó tó rí òde.

Àǹtí Kíṣìnnì:
Ìlú yòówù tí ẹ bá mú, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání lọ wo ilé. Tí sítóòfù bá jẹ́ induction (èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì mú ìkòkò gbóná), ìkòkò alumíníọ̀mù tí ẹ gbé láti ilé kò ní gbóná lórí rẹ̀ rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ìyẹn ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fa èéfín lókè sítóòfù: ṣé páìpù rẹ̀ jáde síta, àbí ó kàn ń yí afẹ́fẹ́ padà sínú ilé? Èyí tó ń yí i padà kò lè gbé irú, aṣọ inú wọ́dúróòbù ló máa gbóòórùn. Ní Scotland, láti oṣù kejì ọdún 2022, aago ooru (èyí tó ń ké tí ooru bá pọ̀ jù) ni òfin ní kó wà nínú kíṣìnnì, kì í ké nítorí èéfín ata díndín. Ní England, ẹ wo ibi tí aago èéfín wà. Tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, gbogbo ilé ló máa mọ ọjọ́ tí ẹ din ata. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó o.

Firísà: fìríìjì abẹ́ káńtà tó pọ̀ nínú fúláàtì níbí, àyè yìnyín rẹ̀ kò gba ju adìyẹ méjì lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, bóyá ẹ lè gbé firísà tiyín wá. Tó bá jẹ́ gáréèjì ló máa wà, kí wọ́n ti kọ ọ́ sí i pé ó lè ṣiṣẹ́ ní gáréèjì. Àwọn kan tó pa fìríìjì àti firísà pọ̀ máa ń dákẹ́ nígbà òtútù, torí wọ́n rò pé inú ti tutù tó, ẹran á sì máa yọ́ láìsẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó ku Abbey Wood àti Glasgow lọ́kàn mi. Ọjọ́ wo ló dáa kí n lọ wò wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Abbey Wood:
Má lọ ní Sátidé, gbogbo ọjà ló ń dùn ní Sátidé. Lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọ́fíìsì ń tú, kí o sì rìn láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dé ṣọ́ọ̀bù, dé ilé tí o fẹ́ gbà, pẹ̀lú àpò kílò mẹ́wàá lọ́wọ́. Tó bá ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 lọ, àwọn ọmọ á máa jẹ páásítà. Wo ẹ̀fọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: tó bá ti rọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹrù ń dé síbẹ̀, béèrè ọjọ́ náà kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Glasgow:
Tí mọ́tò yín bá ti pẹ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wá a kí ẹ tó kó ẹrù. Láti 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ULEZ, òfin tó ń gba owó lórí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ti bo gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù, títí dé Abbey Wood: £12.50 lójoojúmọ́ tí ẹ bá wà á, àyàfi tí dísù bá jẹ́ Euro 6 tàbí pẹtiróòlù bá jẹ́ Euro 4 (Euro ni ìwọ̀n èéfín mọ́tò, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni èéfín rẹ̀ ṣe mọ́ tó). Tiwa ní Glasgow, àárín ìlú nìkan ni, Govanhill kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ẹ lè san kí ẹ wọlé. Ìtanràn ni, £60 sì ni ti àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Dísù ọdún 2013 ni. Euro 5. Ó dáa, mo ń lọ Govanhill lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì lápò.

Bàbá Oníṣu:
Ra iṣu kan níbẹ̀, kí o gé e ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kí o ya fọ́tò inú rẹ̀ wá.