Lórí «apohùn»: kí ni a ó máa pe ohun tí a fi ń bo ojú ìlù snare?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi,

Alàgbà tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a máa pe rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ́ sójú ìlù snare, ìlù olójú méjì tó ní wáyà lábẹ́, kí igbe rẹ̀ má baà ba etí wọn jẹ́, ní apohùn. Wọ́n ní a, pa àti ohùn ló di ọ̀kan, bí a ti ń pa iná. Mo bọ̀wọ̀ fún oyè ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi ṣáájú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n oyè kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà.

Apohùn ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ: ẹni tó ń sun ìjálá tàbí tó ń pe ẹ̀sà ni àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ń pè bẹ́ẹ̀. «Pa» yìí gan-an ló sì ń bí mi nínú. Bí ó bá ti pàdé ohun tí etí ń gbọ́, ńṣe ló máa ń mú un dún. Ẹni tó pariwo kò dá ariwo dúró. Ẹni tó pàtẹ́wọ́, tó pàlọ́, tó pòwe, kò sí èyí tó dákẹ́ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi «pa lọ́lọ́» dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba àbọ̀: kò sí ohun tí «pa» ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ìlù náà kú. Wáyà tó fara ti awọ ìsàlẹ̀ ló ń fún snare ní igbe rẹ̀, onílù sì ṣì fẹ́ gbọ́ ọ; kí ó kàn dín kù nítorí etí ni. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí etí òṣìṣẹ́ má ṣe wà nínú ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 bá ti lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 15 péré ló kù nígbà tó bá di 100. Ìsìn wo ló ń parí láàárín ìṣẹ́jú 15?

Ẹlòmíràn ní kí a yá «ìda» lò, ohun rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ìlù. Ó dùn mọ́ mi, nítorí àwọn àgbà onílù ń fi ìda sí ojú òjò bàtá, ìyẹn ojú rẹ̀ tó tóbi jù, kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, àwọn onílù òrìṣà ní Cuba náà sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìró tó ń fà lẹ́yìn lílù ni ìda ń gé. Kò fi bẹ́ẹ̀ dín agbára ọ̀pá ìlù tó balẹ̀ sójú awọ kù. Kí ìda máa jẹ́ ti tẹ́ẹ̀pù àti jẹ́lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí awọ. Rọ́bà tó bo gbogbo ojú ìlù, ìbojú ni. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ti ìyàwó ni ìbojú kò ṣàìmọ̀ pé ìlù náà lójú.

Ní ti «adití» tí wọ́n tún fẹ́ kí a máa pe ohun tí à ń kì bọ etí, kí ni onílù yóò wí fún ìyá rẹ̀, pé òun fi adití sétí kí òun má baà di adití?